Ọdẹ Ni A Fẹ́ Ṣe, A Kì Í Ṣe Ọ̀dẹ̀



Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a dúró sídìí ìyá alákàrà kan ní Bàrígà, níbi tí ẹsẹ̀ wa máa ń gbé wa lọ lẹ́yìn kíláàsì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló délẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún àwa tí à ń ka Yorùbá ní yunifásítì. Bí ẹnì kan bá ti béèrè ohun tí à ń kọ́, ìbéèrè kejì ti wà létè rẹ̀: "Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe?" Bí a bá ní a ó ṣe tíṣà, wọ́n á mi orí. Bí a bá ní a ó máa ka ìròyìn lórí rédíò, wọ́n á ní kò burú. Lọ́jọ́ yìí, ọ̀kan nínú wa dáhùn pé ẹ̀ṣọ́ igbó lòun fẹ́ ṣe, pé òun fẹ́ lọ máa ṣọ́ ẹranko ní Ọgbà Ọ̀yọ́ Àtijọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó. Bọ̀dá kan tó ń dúró de àkàrà tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọdẹ lẹ fẹ́ ṣe ni, àbí ọ̀dẹ̀?"

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, ìyá alákàrà náà rẹ́rìn-ín. Àwàdà náà dùn, ohùn ọ̀rọ̀ ló sì gbé e yọ. Ọdẹ tó jẹ́ ohùn àárín méjì ni ẹni tó ń dẹ ìgbẹ́. Ọ̀dẹ̀ tó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ẹni tí gbogbo ayé ń rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé yàrá, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ta ni à ń pè ní ọdẹ ní Bàrígà yìí gan-an? Ṣebí ẹni tó ń fọn fèrè lóru ni, tó ń fi irin lu òpó iná, tó ń ṣọ́ àdúgbò kí olè má baà wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pa eku rí, débi ẹtu. Síbẹ̀, ọdẹ ni a ń pè wọ́n, a kò sì ṣi orúkọ pè. Nígbà àtijọ́, ọdẹ ló ń mọ ọ̀nà igbó, òun ló ń kọ́kọ́ rí ọ̀tá, òun ló ń ṣọ́ ìlú. Èdè wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ọdẹ kì í ṣe apẹran nìkan. Aṣọ́nà ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ igbó lọ́wọ́ àwọn tó ń pa á run, ọdẹ gidi ni. Ohun tí a sì fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni kó tó di iṣẹ́ ìbọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa tí à ń ka Yorùbá kò gbọdọ̀ máa wo iṣẹ́ náà bí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ọgbà Ọ̀yọ́ Àtijọ́ fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú-lóròó. Ó ju ìdajì gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó lọ, tilẹ̀ tomi. Ọdún 1936 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ní 1952, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ ẹranko, nígbà tó sì di 1991, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Inú ọgbà yìí ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú àwọn Aláàfin kí ogun tó tú u ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nípa Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì, àárín igbó yẹn ni odi àti ìkòkò rẹ̀ wà títí di òní. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ìgalà níbẹ̀, ìtàn wa ló ń ṣọ́ pẹ̀lú.

Kí ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ó ń yíde kiri inú igbó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á sun igbó fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n á máa yọ pàkúté àti okùn wáyà tí àwọn tó ń jí ẹran pa dẹ sílẹ̀. Wọ́n á máa wo ipa ẹsẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹranko ló kọjá tàbí ènìyàn, bóyá àná ni tàbí ìjẹta. Wọ́n á mú ẹni tó ń gé gẹdú, ẹni tó da màlúù wọ ibi tí kò yẹ, ẹni tó gbé ìbọn wọlé láìgbàṣẹ. Òfin fún wọn lágbára láti mú ènìyàn, láti tú ẹrù wò, àti láti gbé ẹjọ́ dé kóòtù. Ọgbà méje péré ló wà lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba tó fọwọ́ sí mẹ́wàá mìíràn ní 2020. Iṣẹ́ ńlá ni, òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é kò sì tó nǹkan.

Ẹni kan lè wí pé kí ló kan ọmọ Bàrígà nínú igbó Ọ̀yọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé omi. Odò Ògùn ṣẹ̀ láti apá Ṣakí lókè Ògùn lọ́hùn-ún, ó gba inú Ọgbà Ọ̀yọ́ Àtijọ́ kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wá tú sínú ọ̀sà Èkó. Ọ̀sà yẹn náà ló wà lẹ́yìn ilé wa. Òun ni àwọn apẹja Ìlàjẹ ń gbé ọkọ̀ wọn sí ní etí omi Bàrígà, òun ni a ń wò láti orí bíríìjì Third Mainland nígbà tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá dá wa dúró. Bí wọ́n bá gé igbó lókè odò, ìsàlẹ̀ odò ni ẹrẹ̀ àti àgbàrá ń bọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ igi níbẹ̀, omi wa ló ń bá wa ṣọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi nìkan ló ń ti igbó dé Bàrígà. Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí a lọ kó orúkọ ewé àti egbò jọ lọ́jà. A lọ bá ìyá lékúlejà kan tó ti pẹ́ nídìí òwò náà. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ìyá gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n sì ń dárúkọ nǹkan fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ọwọ́ wa kan àwo kan tí nǹkan bí èékánná ńlá kún inú rẹ̀. A béèrè. Ìyá ní, "Ìpẹ́ akíka ni, ọmọ mi. Àwọn ọdẹ ló ń kó o wá láti oko."

Ọ̀kan nínú wa rọra sọ pé, "Ìyá, òfin kò fẹ́ kí wọ́n máa tà á mọ́ o."

Ìyá kò bínú. Wọ́n kàn wò wá. "Òfin wo? Ta ló ṣe é? Ìgbà wo ni wọ́n wá sọ ọ́ fún wa?"

A fa fóònù yọ, a ṣí òfin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a fẹ́ kà á fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì tí lọ́yà ń bá lọ́yà sọ. Orúkọ ẹranko tó wà níbẹ̀, kò sí akíka nínú rẹ̀. Ìyá tẹ́tí sílẹ̀ títí, wọ́n wá béèrè pé, "Ohun tí ẹ ń kà yẹn, ṣé akíka ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí a sọ ìyókù ní Yorùbá. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ojú tì wá. Àwa tí à ń ka Yorùbá láti ọdún kìíní, a kò lè túmọ̀ ìlà mẹ́ta láìkọsẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ gbá wa lẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ lọ kọ́ ọ wá. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tán, ẹ padà wá sọ fún mi."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kí ni ká wá sọ nípa ìlú tí òfin wà, ṣùgbọ́n tí òfin náà kò lẹ́nu? Láti ọdún 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí òwò àwọn ẹranko tó fẹ́ tán nílẹ̀, wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí i ní 2016. Ọdún 2016 yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé panu pọ̀ pé kí òwò akíka láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì dópin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tuntun tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ dáadáa ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1985 títí di òní, ó lé ní ogójì ọdún, ìyá lékúlejà tó wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan sí yunifásítì kò tíì gbọ́ òfin yìí lédè tó ń sọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè já wọ ibì kan ní Lẹ́kí, ìpẹ́ akíka tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù méje, eyín erin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2023, ìjọba sun tọ́ọ̀nù ìpẹ́ akíka mẹ́rin ní Àbújá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n lọ tọ́ọ̀nù eyín erin méjì àbọ̀ kúnná. Akíka kan ṣoṣo, ìpẹ́ ara rẹ̀ kò wúwo tó àpò gààrí kékeré. Ẹ wá ṣírò iye ẹ̀mí tó wà nínú tọ́ọ̀nù méje. Ìpẹ́ tó wà nínú àwo ìyá wa kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn oníṣòwò ńlá tó ń kó o lọ sókè òkun. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni àwo àti kọ̀ntẹ́nà ń gbà jáde kúrò nínú igbó, ọdẹ abúlé kan náà ló wà ní orísun rẹ̀.

Nígbà kan, òfin lẹ́nu láàárín wa. Èèwọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Ìdílé kan kò gbọdọ̀ jẹ ẹran kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi nínú igbó orò, ẹja inú odò kan kò ṣe é pa. Igún tí à ń wí yìí, ta ló jẹ́ pa igún láyé àwọn bàbá wa? Ẹ lọ wo orí igún lọ́jà lónìí. Irú igún tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa ti wà lára àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ ìparun jù lágbàáyé láti 2015, òwò oògùn ìbílẹ̀ sì wà lára ohun tó ń pa á tán ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. A kò fẹ́ parọ́ fún yín pé èèwọ̀ tó fún gbogbo nǹkan. Erin kò ní èèwọ̀ tó dáàbò bò ó káàkiri, ọdẹ tó bá pa erin ń gba oyè ni. Ohun tí a ń sọ ni pé èèwọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tó bá wà, nítorí ẹni tó yẹ kó pa á mọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbà gbọ́, lédè tó yé e.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Igbó Ọmọ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láàárín Èkó àti Oǹdó. Ọdún 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tó ṣe pàtàkì láyé ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí di bí a ti ń kọ̀wé yìí. Àwọn wo ló ń ṣọ́ wọn? Nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí àjọ NCF, ìyẹn Nigerian Conservation Foundation, gbà síṣẹ́ níbẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tó ń yìnbọn lánàá ló ń ṣọ́ ẹran lónìí. Ẹ rò ó wò: ta ló lè bá ọdẹ sọ̀rọ̀ bí ọdẹ? Ta ló mọ ibi tí wọ́n ń dẹ okùn sí, ìgbà tí wọ́n ń jáde, ohun tó ń mú wọn jáde? Ẹni tó gbédè wọn ni, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, tó mọ ìgbà tí ẹ̀rín jẹ́ ẹ̀rín àti ìgbà tó jẹ́ ìkìlọ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. A ń kọ́ ìjálá, ọdẹ ló ni ín. A ń kọ́ oríkì ẹranko: ti erin, ti ẹfọ̀n, ti ìgalà, ti ọ̀bọ. A mọ bí apohùn ṣe ń fi ìrìn ẹran àti àwọ̀ rẹ̀ yìn ín. A ń kọ́ ẹ̀ka-èdè, kí a lè gbọ́ Ìlàjẹ, Ìjẹ̀bú àti Òǹkò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn wá: ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jókòó nínú yàrá ìdánwò, tó kọ ojú ìwé méjì lórí oríkì erin, tí kò sì rí erin rí àyàfi lórí fóònù. Bí erin Igbó Ọmọ bá tán, oríkì rẹ̀ di oríkì òkú. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ yóò máa há a sórí bí ẹni ń há orúkọ ọba ìlú tó ti tú. Nítorí náà, kì í ṣe pé a kàn fẹ́ ran ẹranko lọ́wọ́ nìkan. Àpò ọ̀rọ̀ wa ló wà nínú igbó yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, tó ti ní òfin ìjọba àpapọ̀ lórí òwò ẹran ìgbẹ́ láti 1900, irú òṣìṣẹ́ báyìí wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n ń gbé ìbọn, wọ́n ń mú ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ẹ óò tún bá wọn létí adágún, tí wọ́n ń bi apẹja bóyá ó ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń wọn ẹja tó pa, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé bí wọ́n ṣe ń lo ọkọ̀ ojú omi láìfarapa. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ fojú inú wo irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ létí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà, tó lè fi Ìlàjẹ ṣàlàyé fún bàbá apẹja ìdí tí kò fi yẹ kó máa fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja. Bàbá á gbọ́ ju bó ṣe máa gbọ́ ti ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ ọn, tó sì gba àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Àwọn kan ti bi wá pé, "Ṣé Yorùbá ló máa gbà yín lọ́wọ́ ọta ìbọn?" Ìbéèrè gidi ni, a kò ní sá fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2026, àwọn agbébọn ya bo ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní Olókà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì pa márùn-ún nínú wọn. Ẹ rántí pé Ìkòyí-Ilé ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Ìkòyí, ilé àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí a ń kà nípa wọn nínú ìwé ìtàn, àwọn jagunjagun tí kì í kẹ́yìn sógun. Orúkọ kan náà ni a ń pe àwọn márùn-ún yìí. Ilé ni wọ́n ti jáde wá bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́, wọn kò padà. Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọgbà Virunga ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ti pa láti ọdún yìí wá ti ju igba lọ, wọ́n pa méjìlá ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹrin ọdún 2020.

Èdè kò lè dá ọta ìbọn dúró. A gbà. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ ní ohun ìjà tó péye, rédíò tó ń ṣiṣẹ́, àti ẹgbẹ́ tó pọ̀ tó láti gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa náà béèrè tiwa: kí agbébọn tó dé ọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́, ta ni yóò ti kọ́kọ́ rí i? Ọdẹ abúlé ni. Àgbẹ̀ tó ń lọ sóko ní ìdájí ni. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀mí ni. Bí ẹ̀ṣọ́ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ sí afipágbowó tó ń gba ìbọn ọdẹ láìsọ ìdí, wọn kò ní sọ fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó máa ń yà kí wọn, tó mọ orúkọ ọmọ wọn, tó ṣàlàyé òfin fún wọn títí ó fi yé wọn, ìròyìn á tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ̀ṣọ́ àti ọdẹ tí kò rìn pọ̀, agbébọn ló ń jèrè.

Ìbéèrè kejì ni ti ebi. Wọ́n ní kí ni ọdẹ yóò jẹ bí wọ́n bá ní kó má pa ẹran mọ́. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ìyà wà nídìí iṣẹ́ náà, a kò sì ní jókòó sí Bàrígà kí a máa pe aláìní ní ọ̀daràn. Òfin kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ òyà. Àwọn ẹran kan ló dè, àti àwọn ibì kan. Bí ọdẹ bá mọ èyí tó ṣe é pa àti èyí tí kò ṣe é pa, ìdajì ìjà ti parí. Ìdajì tó kù ni pé kí iṣẹ́ wà fún un. Igbó Ọmọ ti fi hàn pé ìmọ̀ ọdẹ tó ohun tí ènìyàn ń gba owó oṣù lé lórí.

Kí wá ni a fẹ́? Nǹkan mẹ́ta ni.

Èkíní, kí ìjọba tú àwọn òfin yìí sí Yorùbá tó já gaara, kí wọ́n fi orúkọ tí ọdẹ mọ̀ pe ẹranko nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò, lọ́jà àti ní ìpàdé àwọn ọdẹ. Kí wọ́n má ṣe gbé e fún ẹ̀rọ ayélujára túmọ̀. Àwa wà níbí.

Èkejì, Ààrẹ pàṣẹ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 pé kí wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ síṣẹ́ fún igbó 1,129 tó wà lórílẹ̀-èdè yìí. Kí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ fi èdè àdúgbò sí ohun tí wọn yóò fi yan ènìyàn, kí wọ́n má ṣe ju ìwé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé Yorùbá ló wà lórí rẹ̀. Kí owó oṣù dé lásìkò, kí ẹbí ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ má sì di alágbe.

Ẹ̀kẹta kàn wá. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ jáde kúrò nínú yàrá. Kí a kó orúkọ ẹranko àti òfin tó kàn wọ́n jọ ní ẹ̀ka-èdè mélòó kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kó kọ́ omi wíwẹ̀, kó mọ ipa ẹsẹ̀. Ìwé nìkan kò gbé ènìyàn la igbó já.

A ti padà sọ́dọ̀ ìyá lékúlejà. Oṣù kan gbáko la fi túmọ̀ ojú ìwé méjì, a ń jiyàn lórí gbogbo gbólóhùn. Nígbà tí a kà á fún wọn, wọ́n dá wa dúró nígbà mẹ́ta láti tún Yorùbá wa ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọn kò da ìpẹ́ inú àwo nù, a kò sì ní parọ́ pé wọ́n dà á nù. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún mi. Àwọn ọdẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ọmọ mi á kà á fún wọn." Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òfin ọdún 1985 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Bàrígà.

Bọ̀dá tó ń ra àkàrà, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ kú àwàdà o. Ọdẹ ni a fẹ́ ṣe. Bí ọdẹ bá pàdé ọdẹ, "Àrìnpa o" ni wọ́n máa ń kí ara wọn, pé kí ìrìn wọn já sí ẹran pípa. Ẹ̀ṣọ́ igbó kò lè fi ìyẹn kí ẹgbẹ́ rẹ̀. A ti wá tiwa, a sì fi ń kí gbogbo àwọn tó wà nínú igbó lálẹ́ òní, láti Ọ̀yọ́-Ilé dé Igbó Ọmọ, tí wọ́n ń ṣọ́ ohun tí a ó fi han àwọn ọmọ wa: Àrìnbọ̀ o.